Fìlà Méjìlá Létí Àbàtà

[Ọ̀sán Sátidé, aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ẹni tó pè: Alága Ẹgbẹ́ Aṣọ́ẹyẹ, atún-aago-ṣe, tó wà létí àbàtà tí ìjọba fi wáyà yí ká. Ẹni tó gbé e: ìyàwó rẹ̀, nọ́ọ̀sì, tó wà nílé. Fóònù dún lẹ́ẹ̀kan péré.]

ALÁGA: Hẹ́lò. Ìyàwó mi. Báwo nilé? Báwo lára? Ó dáa. Gbọ́ mi. Ojú ọkọ rẹ yìí, kò sí ohun tó lè gba iwájú rẹ̀ kọjá kó má rí i.

ÌYÀWÓ: Ẹ kú oòrùn, Bàbá Ìbejì. Ṣé àlàáfíà ni? Mo ti pè yín lẹ́ẹ̀marùn-ún láti—

ALÁGA: Àlàáfíà ni. Pẹ́pẹ́yẹ igbó igba ó lé mẹ́tàdínlógún ni mo kà láàárọ̀ yìí. Wọ́n ń fò, mò ń kà. Akọ̀wé wa ka tiẹ̀, ó ní mẹ́rìndínlógún ló lé. Mo ní kó padà lọ kà á. Ó padà, ó bá èyí tó ṣẹ́kù lábẹ́ ewé, ó ń sùn. Ṣé o rí i? Ojú tó ń ka eyín jíà inú aago ọwọ́ obìnrin—

ÌYÀWÓ: A ti gbọ́. Màmá mi ńkọ́?

ALÁGA: Hẹ́lò? Ṣé o gbọ́ mi?

ÌYÀWÓ: Mo gbọ́ yín ketekete. Màmá ńkọ́?

ALÁGA: Màmá? Màmá wà dáadáa. Ó ń gbádùn ara rẹ̀. Ṣé kò pè ọ́ lónìí?

ÌYÀWÓ: Kó pè mí ṣe kí ni? Ṣebí ọ̀dọ̀ yín ló wà.

ALÁGA: Ọ̀dọ̀ mi ló wà. Ta ló ní kò sí lọ́dọ̀ mi? Mo kàn ní bóyá ó pè ọ́ ni. Èèyàn lè wà lọ́dọ̀ èèyàn kó sì pe ẹlòmíì.

[Ìró omi tó ń dà sínú bàsíà. Ẹnìkan wúkọ́.]

ALÁGA: Ta ló ń wúkọ́ yẹn?

ÌYÀWÓ: Tẹlifíṣọ̀n ni.

ALÁGA: Ẹ dín ohùn ẹ̀ kù. Jọ̀ọ́, ìbéèrè kékeré kan. Báwo ni Màmá ṣe ga tó?

ÌYÀWÓ: Ẹ ní kí ni?

ALÁGA: Gíga rẹ̀. Ṣé èjìká rẹ ló bá ọ dé ni, àbí etí?

ÌYÀWÓ: Ẹ ò rí i níwájú yín ni?

ALÁGA: Mo rí i. Ó jókòó ni. Tí èèyàn bá ti jókòó, a kì í mọ bó ṣe ga tó. [Ó gbé ẹnu kúrò lára fóònù.] Ẹ fà á sókè sí i. Rárá, ẹsẹ̀ kẹta. Ẹ dè é le, orí rẹ̀ ń yẹ̀.

ÌYÀWÓ: Orí ta ló ń yẹ̀?

ALÁGA: Hẹ́lò? Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibí yìí—

ÌYÀWÓ: Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò ṣe nǹkan kan. Ta ló ní ẹsẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ yín?

ALÁGA: Awò ńlá wa ni. Èyí tá a fi ń wo ẹyẹ láti òkèèrè. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni, o ṣáà mọ̀ ọ́n, o máa ń kọsẹ̀ lára ẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

ÌYÀWÓ: Ẹ fún Màmá ní fóònù.

ALÁGA: Òfin ò gbà. Òfin ìdákẹ́jẹ́ là ń tẹ̀ lé. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀.

ÌYÀWÓ: Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀.

ALÁGA: Ó ti parí ní aago mẹ́ta.

ÌYÀWÓ: Kí Màmá sọ̀rọ̀ nígbà náà.

[Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ń ké.]

ALÁGA: Ìyá Ìbejì. Ṣé o gbọ́ mi?

ÌYÀWÓ: Mò ń gbọ́.

ALÁGA: Ṣé o jókòó?

ÌYÀWÓ: Mo jókòó. Ẹ máa sọ ọ́ lọ.

ALÁGA: Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí tí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti ìparí, wàá bínú. Aago méje la dé gétì. Ẹ̀ṣọ́ gba ìwé àṣẹ wa. Ìwé tá a fi ọdún mẹ́fà wá, o mọ iye ọ́fíìsì tí mo wọ̀. Ó kà á síwá, ó kà á sẹ́yìn, ó ní èèyàn méjìlá ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ó wá fi nọ́ńbà kọ́ wa lọ́rùn níkọ̀ọ̀kan, ẹyọ kan dé ẹyọ méjìlá. Nọ́ńbà méjìlá ló ń wọlé, nọ́ńbà méjìlá ló gbọ́dọ̀ jáde kí aago mẹ́rin tó lù. Tí ọ̀kan bá dín, wọ́n á fọn fèrè, gbogbo ẹyẹ á fò lọ, wọ́n á sì fa ìwé wa ya. Ẹgbẹ́ wa ò ní tẹ ibí mọ́ títí ayé. Orúkọ tèmi ló wà nísàlẹ̀ ìwé náà.

ÌYÀWÓ: Nọ́ńbà mélòó ni ti Màmá?

ALÁGA: Méjìlá. Ìyẹn la ń bọ̀ wá kàn. Mo gba fóònù gbogbo wọn sínú àpò. Mo ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ mí sókè títí di aago mẹ́ta, torí Onírùngbọ̀n.

ÌYÀWÓ: Ẹyẹ yẹn náà.

ALÁGA: Ẹyẹ yẹn náà. Kékeré bí àtẹ́lẹwọ́, eérú ni gbogbo ara rẹ̀, fọ́nrán-fọ́nrán ló wà lábẹ́ ẹnu rẹ̀ bí irùngbọ̀n. Tó bá ti bà lé nǹkan, ó lè lo ọjọ́ kan gbáko níbẹ̀ láì kúrò. Kò sí ọmọ ẹgbẹ́ wa kankan tó fojú rí i rí. Ibí nìkan ló ń gbé. Ìdí tí mo fi wá ìwé nìyẹn. Àwọ̀ aṣọ máa ń lé e, ni Aránṣọ ẹgbẹ́ wa bá rán fìlà méjìlá aláwọ̀ ewé gbígbẹ. Gbogbo wa dé e. Mo wá fi wọ́n síbi kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá pákó. Ìfèéfèé ibẹ̀ ga dé ọrùn èèyàn, fìlà nìkan lò ń rí. Mo fi Màmá síbi òpó tó gbẹ̀yìn, torí ibẹ̀ ló ní ibòòji. Ṣé o rí i pé mo tọ́jú rẹ̀?

ÌYÀWÓ: Mo rí i.

ALÁGA: Láàárín wákàtí kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ń yí padà, tí mò ń fi awò kà wọ́n. Méjìlá. Méjìlá. Mo kọ ọ́ sínú ìwé ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá, mo buwọ́ lù ú.

ÌYÀWÓ: Fìlà lẹ̀ ń kà.

ALÁGA: Orí ló ń dé fìlà.

ÌYÀWÓ: Ta ló dé ti Màmá?

ALÁGA: ...Òpó ni.

[Ohun kan ṣubú sínú bàsíà. Ẹ̀rín àmúmọ́ra.]

ALÁGA: Ṣé ò ń sunkún ni?

ÌYÀWÓ: Rárá. Tẹlifíṣọ̀n ni. Òpó dé fìlà láti ìgbà wo?

ALÁGA: A ò mọ̀. Aránṣọ ló wà nítòsí òpó yẹn, ó sì ti fi nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sọ̀rọ̀ ìyàwó ọmọ rẹ̀ fún fìlà náà láti inú ìfèéfèé, lábẹ́lẹ̀, níbi tí mo ti ní kí wọ́n dákẹ́. Ó ní Màmá mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ́tí sílẹ̀, pé kò já lu ọ̀rọ̀ òun lẹ́ẹ̀kan. Èmi alára ti bínú sí fìlà náà. Màmá ta áńkáṣì eérú kan lé e nítorí oòrùn, etí ẹ̀ ní fọ́nrán. Aránṣọ ní ẹni tó ṣe etí áńkáṣì yẹn mọṣẹ́, òun ò rí ibi tí abẹ́rẹ́ gbà. Áńkáṣì ń mì fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ lójú ẹyẹ. Mo ṣẹ́wọ́ sí Màmá pé kó ká a kúrò. Kò dá mi lóhùn. Àna mi ni, mi ò lè máa ṣẹ́wọ́ sí i bíi pé mò ń dá ọkọ̀ dúró. Mo bá sọ fún gbogbo èèyàn pé kí wọ́n kẹ̀yìn sí ọ̀hún, kí áńkáṣì má baà gba ojú wọn.

ÌYÀWÓ: Ẹ wá rí ẹyẹ náà?

ALÁGA: A ò rí i. Ṣé ẹyẹ ló kàn báyìí? Ìyá rẹ ni mo ní mi ò rí. Ṣé o gbọ́ mi?

ÌYÀWÓ: Mo gbọ́. Ẹ wá a?

ALÁGA: Èèyàn mọ́kànlá ló wá a. A wo abẹ́ afárá, a wo inú àtíbàbà, a wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀. A fi ohùn jẹ́jẹ́ pè é, torí ẹ̀ṣọ́. A rí ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Akọ̀wé ní ẹsẹ̀ náà dojú kọ gétì. Mo ní á jẹ́ pé Màmá fi ẹ̀yìn rìn wọlé ni.

ÌYÀWÓ: Ẹ̀yin ní bẹ́ẹ̀. Pẹ̀lú ojú tó ń ka eyín jíà.

ALÁGA: Ọkàn mi ò balẹ̀ nígbà yẹn. Aago mẹ́rin sì ń bọ̀. Ọgbọ́n kan wá sọ sí wa lọ́kàn.

ÌYÀWÓ: Awò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta.

ALÁGA: A wọ kóòtù òjò fún un. A dé fìlà fún un. Aránṣọ fi ṣọ́ọ̀kì kọ méjìlá sára páálí bísíkíìtì, ó so ó mọ́ ọn lọ́rùn. Òun àti Akọ̀wé máa gbé e láàárín, bíi pé oorun ń kun Màmá. Kó kàn kọjá gétì.

ÌYÀWÓ: Tó bá kọjá, ìyá mi ńkọ́? Ìwé yín á wà nílé, ìyá mi á wà nínú àbàtà.

ALÁGA: Èmi máa gba abẹ́ wáyà padà wọlé.

ÌYÀWÓ: Ẹ̀yin? Pẹ̀lú ẹ̀yìn ríro yẹn?

ALÁGA: Pẹ̀lú ẹ̀yìn ríro. Mo ti bọ́ bàtà sílẹ̀. Mi ò ní wálé láì rí i, Ìyá Ìbejì. Bó di ọ̀la, bó di ọ̀túnla. Kí ni mo fẹ́ fi wo ojú rẹ? Ta ló fún mi ní owó tí mo fi ra àpótí irinṣẹ́ àkọ́kọ́, nígbà tí àwọn ará ilé tiyín ń pè mí ní Alágogo Àjókù? Ṣé kì í ṣe òun ni? Kí ìwé àṣẹ ya tó bá máa ya. Ẹgbẹ́ ni mò ń ṣe kinní yìí fún. Tìtorí tara mi, mi ò dé gétì yẹn mọ́.

[Omi mì nínú bàsíà.]

ÌYÀWÓ: Màmá, ṣé ẹ gbọ́ ohun tó sọ?

MÀMÁ: [láti òkèèrè] Mo gbọ́. Gbé e sí etí mi. [nítòsí] Ẹ kú iṣẹ́, Alága.

[Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ń ké fún ìgbà díẹ̀.]

ALÁGA: Ṣé tẹlifíṣọ̀n nìyẹn náà?

MÀMÁ: Èmi ni. Omi gbígbóná ni mo ki ẹsẹ̀ bọ̀.

ALÁGA: Màmá. Ẹ... ẹ káàsán, mà. Ẹ ti dé ilé?

MÀMÁ: Láti aago kan ààbọ̀. Mo ti sùn, mo ti jí.

ALÁGA: Ìyá Ìbejì, o jẹ́ kí n máa ké látòwúrọ̀—

ÌYÀWÓ: Ìṣẹ́jú mẹ́fà péré ni. Ẹ̀yin lẹ sọ pé ó jókòó sọ́dọ̀ yín tó ń gbádùn ara rẹ̀. Mo wá wò ó níwájú mi níbí, mo ní kí n gbọ́ bó ṣe ń gbádùn ara rẹ̀ lọ́hùn-ún.

ALÁGA: Ó dáa. Mo gbà. Màmá, báwo lẹ ṣe jáde?

MÀMÁ: Ẹsẹ̀ mi ni mo fi jáde. Oòrùn ń pa mí, orúnkún ń dùn mí. Mo ṣẹ́wọ́ sí yín pé mò ń lọ, ẹ ṣẹ́wọ́ padà.

ALÁGA: Mo rò pé ẹ̀ ń kí mi ni.

MÀMÁ: Mo fi fìlà kọ́ òpó, torí ti ẹgbẹ́ ni, kì í ṣe tèmi. Mo dé gétì, ẹ̀ṣọ́ àárọ̀ ń palẹ̀ mọ́, iṣẹ́ ẹ̀ parí. Ó ní kí n máa lọ. Mo ní rárá, mú ìwé wá. Ọdún méjìdínlógójì ni mo fi jókòó sí ẹnu kọ́ńtà ilé ìfìwéránṣẹ́. Ohun tí wọn ò bá buwọ́ lù, kò tíì kúrò nílẹ̀. Ó kọ ọ́: nọ́ńbà méjìlá, ó jáde, aago méjìlá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Mo buwọ́ lù ú, òun náà buwọ́ lù ú. Mo dá nọ́ńbà ọrùn mi padà. Ọkọ̀ ẹ̀ ń bọ̀ nígboro, ó sì já mi sílẹ̀ ní orígun àdúgbò wa.

ALÁGA: Nọ́ńbà méjìlá ti jáde.

MÀMÁ: Ó ti jáde.

ALÁGA: Ó wà nínú ìwé.

MÀMÁ: Pẹ̀lú ọjọ́ àti àkókò.

ALÁGA: Èèyàn mọ́kànlá ni ẹ̀ṣọ́ ọ̀sán ń retí. Tá a bá gbé ẹni kejìlá jáde— [Ó gbé ẹnu kúrò.] Akọ̀wé. Akọ̀wé, ẹ dúró. Ẹ má gbé Màmá dé gétì. Akọ̀wé—

ÌYÀWÓ: Kí ló ṣẹlẹ̀?

ALÁGA: Wọ́n ti dé gétì. Èmi ni mo ní kí wọ́n má wẹ̀yìn. Ẹ̀ṣọ́ ti dìde. Ó ń kí i.

ÌYÀWÓ: Ó ń kí ta?

ALÁGA: Ó ń kí awò. Ó ti ṣí fìlà fún un. Ó ń bèèrè àlàáfíà ara. Wọ́n á ní mo kó èèyàn kan wọlé láìgba àṣẹ. Ẹwọ̀n ni. Ẹ tú u ká, Akọ̀wé. Ẹ tú Màmá ká.

MÀMÁ: Ta lẹ fẹ́ tú ká?

ALÁGA: Kì í ṣe ẹ̀yin, mà. Màmá kejì ni. Ẹ̀ṣọ́ ti lọ gbé àga wá fún un. Aránṣọ ń sọ fún un pé Màmá ò fẹ́ jókòó, pé orúnkún ni.

MÀMÁ: Òótọ́ ni Aránṣọ sọ.

ALÁGA: Ó ń fà á lọ́wọ́. Ó ní àgbà ò gbọdọ̀ dúró nínú oòrùn. Apá kóòtù ti wà lọ́wọ́ ẹ̀ báyìí, kò sí ọwọ́ níbẹ̀. Ó ń wo inú apá kóòtù.

[Ohun kan já lulẹ̀. Ẹnìkan ń rẹ́rìn-ín láti òkèèrè, ẹ̀rín náà ò dáwọ́ dúró.]

ÌYÀWÓ: Bàbá Ìbejì? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

ALÁGA: Mo gbọ́ ọ. Orí já. Ẹ̀ṣọ́ bi Akọ̀wé pé kí ló dé tí awò fi wọ kóòtù. Akọ̀wé ní kí òtútù má baà mú gíláàsì rẹ̀. Nínú oòrùn yìí. Ẹ̀ṣọ́ ti jókòó sórí àga tó gbé wá fún Màmá, ó ń fi fìlà nu ojú.

ÌYÀWÓ: Ìwé àṣẹ ńkọ́?

ALÁGA: Dúró. Mò ń bọ̀. Mò ń bá a sọ̀rọ̀.

[Ohùn méjì láti òkèèrè. Ìró bébà. Ìgbẹ́sẹ̀ lórí pákó.]

ALÁGA: Hẹ́lò? Ṣé o gbọ́ mi?

ÌYÀWÓ: A ń gbọ́.

ALÁGA: Ó ti kọ ọ́. Mọ́kànlá. Ó buwọ́ lù ú, mo buwọ́ lù ú. Ìwé wa ò ya. Ó ní ẹ̀ṣọ́ àárọ̀ ti sọ fún òun pé ìyá àgbà ti lọ sílé, pé kí òun sọ fún Alága.

ÌYÀWÓ: Kí ló dé tí kò sọ?

ALÁGA: Ó ní òun wá lẹ́ẹ̀mejì, èmi ni mo fi ìka sí ètè pé kó dákẹ́.

[Màmá wúkọ́.]

ALÁGA: Kò burú. No problem. Gbogbo wa ti jáde, gbogbo wa pé. Ìyá Ìbejì, gbé omi kaná fún èmi náà. A máa dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Onírùngbọ̀n nìkan ló kù, ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn. Kò wá lónìí, ìyẹn dá mi lójú. Ká ní ó wá ni, kó fi ẹsẹ̀ kan ba nǹkan kan ní gbogbo àbàtà yìí, ojú yìí á ti rí i. Mo ti kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ pé kò sí níbí: a ṣọ́ ọ fún wákàtí méje, a ò rí i. Ọ́fíìsì tó fún wa níwèé ló máa kà á.

ÌYÀWÓ: Ẹ ti buwọ́ lu ìyẹn náà?

ALÁGA: Gbogbo wa ló buwọ́ lù ú. Èèyàn mọ́kànlá. Ẹ̀ẹ́n, Màmá, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan láti bẹ̀ yín. Ẹ má bínú, mà. Áńkáṣì yín.

MÀMÁ: Áńkáṣì wo?

ALÁGA: Eérú yẹn. Èyí tẹ́ ẹ ta lé fìlà lórí òpó. Nígbà tí mo lọ mú fìlà, bí mo ṣe na ọwọ́ sí i báyìí ni afẹ́fẹ́ gbé e. Ó gba orí omi lọ, ó wọ inú ìfèéfèé. Mi ò lè lé e bá.

ÌYÀWÓ: Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ níbẹ̀ lónìí?

ALÁGA: Kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́. Màmá, mo máa ra òmíràn fún yín. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Irú ẹ̀ gan-an, eérú, tó ní fọ́nrán létí. Hẹ́lò? Màmá? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

MÀMÁ: Mo gbọ́ yín. Mi ò mú áńkáṣì kankan lọ síbẹ̀.

[Fóònù gé.]